Bí mo ṣe to àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Abẹnugan ilé aṣòfin ìpínlẹ̀

Ọdún tí Ọ̀nọ́rébù Mudashiru Obasa ti lò nínú òṣèlú Èkó ni mo tò, láti kańsẹ́lọ̀ dé Abẹnugan. Ìwé méjì ni mo là: ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò, èkejì fún ipò inú ilé. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á ṣi ọdún kọ. Ará àdúgbò ló ń dìbò yan aṣòfin, àwọn aṣòfin ló sì ń yan Abẹnugan láàárín ara wọn. Abala 92 ìwé òfin 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ẹkùn kò le. Ó ṣe kańsẹ́lọ̀ ní Agége láti 1999, ó wọ ilé aṣòfin ní 2007 fún ẹkùn Agége Kìíní, ó sì ń wọlé padà. Nọ́ńbà ilé ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, torí sáà ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ilé kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀ ní 2023, àmọ́ tí ẹ bá kà á láti 1999, méje péré lẹ máa bá. Mẹ́ta ti ṣáájú, ti 1979, 1983 àti 1992; àwọn ológun ló dá méjì tó kẹ́yìn dúró. Nítorí náà, ilé kẹjọ ni ti 2015 tó di Abẹnugan. Ọjọ́ ìbúra ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ipò, kì í ṣe ọjọ́ ìdìbò: oṣù kẹrin 2015 ni wọ́n dìbò, oṣù kẹfà ni ilé jókòó.

2025 ló gba àkókò jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní, àwọn aṣòfin kéde pé àwọn yọ Obasa, igbákejì rẹ̀, Mojisola Meranda, sì bọ́ sípò, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Meranda fipò sílẹ̀, Obasa padà. Lóṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Ìkẹjà wọ́gi lé ìyọnípò náà. “2015 títí di òní” kò lè gba gbogbo èyí. Ìlà mẹ́ta ni mo fà fún àkókò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fún ìdájọ́ ní ìlà tirẹ̀, torí ìdájọ́ kò pa á rẹ́ pé Meranda darí ìjókòó ilé.

Ìṣirò ìbò tún máa ń da èèyàn láàmú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni òfin ń béèrè láti yọ Abẹnugan, kì í ṣe ti àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Ọmọ ilé 40 ni Èkó ní, ó di ìbò 27. Ọ̀yọ́ ní 32, ó di 22. Ọ̀ṣun ní 26, ó di 18. Orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé ni kí ẹ kà. Ìwé ìròyìn sábà máa ń ka àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìyọnípò mọ́ àwọn tó dìbò, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì.