Bí A Ṣe Ń Kọ Owó Ìfẹ̀yìntì Sórí Fọ́ọ̀mù Owó-Orí Ìpínlẹ̀ New Jersey

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tí kì í ṣe fún èrè ní Newark, tíṣà kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní East Orange, àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Edison lè máa gba owó oṣù kan náà, kí wọ́n sì máa fi iye kan náà pamọ́ fún ìfẹ̀yìntì, síbẹ̀ owó-orí ìpínlẹ̀ wọn kò ní dọ́gba. Lójú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, owó tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi pamọ́ yìí kò tíì tó gba owó-orí lé lórí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á jáde. New Jersey kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin owó-orí tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1976 dá dúró fúnra rẹ̀. Owó tí òṣìṣẹ́ bá fi sínú 401(k) (àpò ìfẹ̀yìntì tí ilé-iṣẹ́ aládàáni sábà máa ń ṣí fún òṣìṣẹ́) nìkan ló dá sí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984. Èyí tó bá wọ 403(b) tàbí 457(b) (àpò ìfẹ̀yìntì ti àwọn àjọ tí kì í ṣe fún èrè àti ti ìjọba), IRA (àpò tí èèyàn ṣí fúnra rẹ̀), SEP (ti oníṣòwò àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀), Thrift Savings Plan ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tàbí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ dandan lára tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, New Jersey máa ń gba owó-orí lórí rẹ̀ lọ́dún tí ẹ fi í pamọ́ gan-an.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, nítorí náà. Kí ẹ kọ iye tó tọ́ lọ́dún tí owó ń wọlé, kí ẹ sì lè fi ẹ̀rí hàn lọ́jọ́ tó bá ń jáde pé ẹ ti san owó-orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan ṣoṣo.

1. Ẹ mọ irú àpò tí owó yín wà

Ẹ mú W-2 yín, ìwé tí ibi iṣẹ́ ń fún yín lọ́dọọdún nípa owó iṣẹ́ àti owó-orí yín, kí ẹ wo àpótí 12. Lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó ló ń sọ irú àpò náà. D ni 401(k). E ni 403(b), èyí tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti àwọn àjọ tí kì í ṣe fún èrè. G ni 457(b). Bí ẹ bá rí AA, BB tàbí EE, Roth ni, àpò tí a ń fi owó tí a ti san owó-orí rẹ̀ sí. Owó Roth ti wà nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ kà fún yín, ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ ọ́.

Owó tí wọ́n ń yọ lára yín fún PERS (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba) tàbí TPAF (ti tíṣà) kò sí ní àpótí 12. Àpótí 14 ni ó sábà máa ń wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú àkọlé 414(h). 7.5% owó iṣẹ́ yín ni. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó-orí lórí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n yọ ọ́, New Jersey ń gbà á.

2. Ẹ fi àpótí 1 wé àpótí 16

Àpótí 1 ni owó iṣẹ́ yín lójú ìjọba àpapọ̀. Àpótí 16 ni owó iṣẹ́ yín lójú ìpínlẹ̀. Bí 401(k) nìkan lẹ ní, tí wọn kò sì yọ nǹkan mìíràn, ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ẹ bá ní 403(b), 457(b) tàbí PERS, àpótí 16 gbọ́dọ̀ ga ju àpótí 1 lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń rí i pé ó ga jù, wọ́n á rò pé ẹni tó ń san owó oṣù ṣe àṣìṣe. Kò ṣe àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi iye owó ṣe é. Nọ́ọ̀sì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń gba $92,000 lọ́dún. Ó fi $6,000 sí 403(b), ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì yọ $2,400 fún adójútòfò ìlera kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Àpótí 1 rẹ̀ á jẹ́ $83,600. Àpótí 16 rẹ̀ á jẹ́ $92,000, torí New Jersey kò yọ 403(b), kò sì gba ètò tí ibi iṣẹ́ fi ń yọ owó adójútòfò ṣáájú owó-orí. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ $8,400. Bí kò bá ní ọkọ, tí kò sì ní àyọkúrò kankan ju $1,000 tí wọ́n fún olúkúlùkù lọ, 6.37% ni ìpínlẹ̀ ń gbà lórí gbogbo ohun tó bá ju $75,000 lọ. Bí ó bá fi iye àpótí 1 sípò àpótí 16, owó-orí rẹ̀ á dín ní nǹkan bí $535, ìpínlẹ̀ á sì padà wá béèrè rẹ̀ pẹ̀lú èlé.

Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún tiyín. Ẹ yọ àpótí 1 kúrò nínú àpótí 16, kí ẹ wá fi ohun tó kù wé àròpọ̀ E, G, owó ìfẹ̀yìntì inú àpótí 14 àti owó adójútòfò. Owó adójútòfò lè má hàn lórí W-2 rárá. Ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejìlá ni ẹ ó ti rí àròpọ̀ rẹ̀ fún ọdún náà. Bí ìyàtọ̀ kan bá ṣẹ́ kù tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó oṣù ni kí ẹ lọ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

3. Ẹ kọ àpótí 16 sí ìlà 15

Lórí NJ-1040, fọ́ọ̀mù owó-orí New Jersey, ìlà 15 ni owó iṣẹ́ ń lọ, àpótí 16 sì ni fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ní kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má yọ 401(k) kúrò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti yọ ọ́ kí iye náà tó dé àpótí 16. Ẹni tó bá tún un yọ ti dín owó rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì, W-2 tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ á sì tú u fó. Ohun tí 401(k) lè yọ kò ju òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ lọ, ìyẹn $23,500 fún ọdún 2025, pẹ̀lú $7,500 sí i fún ẹni tó ti pé ọmọ 50 ọdún.

4. Bí ibi iṣẹ́ yín bá wà ní New York tàbí Pennsylvania

Ẹ fara balẹ̀ níbí gan-an, torí àpótí 16 lè má bá òfin New Jersey mu.

Fún ẹni tó ń gbé ní Jersey City tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Manhattan, W-2 rẹ̀ lè ní ìlà NY nìkan. New York ò ka 403(b) sí owó tó yẹ kí wọ́n gba owó-orí lé, nítorí náà iye tó wà níbẹ̀ kéré ju ohun tí New Jersey ń fẹ́. Ẹ mú àpótí 1, ẹ fi E àti G kún un, ẹ fi owó adójútòfò tí wọ́n yọ ṣáájú owó-orí kún un. Ẹ má fi D kún un. Ohun tó bá jáde ni ti ìlà 15. Owó-orí tí ẹ san fún New York máa ń dín ti New Jersey kù nípasẹ̀ Schedule NJ-COJ, ṣùgbọ́n owó tí ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ gba owó-orí lé nìkan ló lè wọ inú ìṣirò náà. $6,000 tí ẹ fi sí 403(b) kò sí lára rẹ̀, torí New York kò gba nǹkankan lórí rẹ̀.

Pennsylvania yàtọ̀ pátápátá. Kì í dá sí owó tí òṣìṣẹ́ fi sínú 401(k) rárá. Ó ń gba 3.07% lórí rẹ̀. Àdéhùn sì wà láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì pé ẹni tó ń gbé ní New Jersey, tó ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania, New Jersey nìkan ni yóò san owó-orí owó iṣẹ́ fún. Nítorí náà, bí ìlà PA nìkan ló wà lórí W-2 yín, 401(k) wà nínú iye náà. Ẹ yọ D kúrò kí ẹ tó kọ ọ́ sí ìlà 15. Bí wọ́n bá ti yọ owó-orí Pennsylvania lára yín, PA-40, fọ́ọ̀mù owó-orí Pennsylvania, lẹ ó fi gba a padà.

5. IRA àti iṣẹ́ ara ẹni

Kò sí ibì kankan lórí NJ-1040 tí a ti ń yọ owó tí a fi sí IRA. Ẹ lè yọ ọ́ lórí ti ìjọba àpapọ̀ bí ẹ bá yege, kó sì parí síbẹ̀. SEP náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ tó sì ní 401(k) tirẹ̀ lè yọ owó náà lórí NJ-BUS-1, fọ́ọ̀mù èrè òwò, láàárín òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá ṣì ń yan irú àpò tí ẹ fẹ́ ṣí fún òwò yín, ẹ rò ó dáadáa.

6. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ìwé kan ṣoṣo ti tó, tàbí fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà: ọdún, irú àpò, iye tí ẹ fi síbẹ̀, àti bóyá New Jersey ti gba owó-orí lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo W-2, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìkan. Ẹ tọ́jú Form 5498 tí ilé-ìfowópamọ́ ń fi ránṣẹ́ fún IRA. Ẹ má gbára lé ibi iṣẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn a máa yí orúkọ padà, wọn a máa yí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn san owó oṣù padà, ìwé ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kì í sì í rọrùn láti rí.

7. Lọ́jọ́ tí owó bá ń jáde

Ìwé 1099-R, tó ń sọ iye tí ẹ gbà jáde nínú àpò ìfẹ̀yìntì, máa ń dé. Àpótí 2a rẹ̀ ni iye tí ìjọba àpapọ̀ ń gba owó-orí lé, sọ́fítíwià owó-orí sì lè gbé e lọ sí ti New Jersey tààrà bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a dúró. Ẹ dá a dúró. Lórí NJ-1040, ìlà 20a ni èyí tí a ń gba owó-orí lé, ìlà 20b sì ni èyí tí ẹ ti san tirẹ̀ kọjá.

Fún owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ jọ fi owó sí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí ẹ máa gbà nínú oṣù 36 àkọ́kọ́ tó owó tí ẹ fi síbẹ̀. Bí owó tíṣà kan tí New Jersey ti gba owó-orí lé bá jẹ́ $45,000, tó sì ń gba $2,000 lóṣù, $72,000 ni oṣù 36 yóò mú wá. Ó tó. Ìlà 20b ni gbogbo owó rẹ̀ ń lọ títí $45,000 fi pé, ìyẹn oṣù méjìlélógún ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ìlà 20a ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó, ìdá kan náà ni ẹ ó máa yọ lọ́dọọdún.

IRA ní ìṣirò tirẹ̀, Worksheet C inú ìwé ìtọ́ni NJ-1040. Ká ní $60,000 ló kù níbẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ sì ti gba $5,000 lọ́dún náà: $65,000 ni àpapọ̀. Bí $26,000 bá jẹ́ owó tí ẹ fi síbẹ̀ fúnra yín, $39,000 jẹ́ èrè, ìyẹn 60%. Nítorí náà $3,000 lọ sí 20a, $2,000 lọ sí 20b. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ti kó owó láti ibòmíràn wọ inú IRA: owó ara yín tó ti 403(b) wá ti san owó-orí New Jersey, èyí tó ti 401(k) wá kò tíì san.

Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 62, tí gbogbo owó tó wọlé fún un kò sì ju $100,000 lọ, lè yọ tó $75,000 lórí ìlà 28a bí ó bá dá fáìlì ṣe, tàbí $100,000 fún tọkọtaya tó jọ fáìlì pa pọ̀. Láti $100,001 dé $150,000, ìdá kan nínú owó ìfẹ̀yìntì náà ni ẹ lè yọ. Ó kọjá $150,000, kò sí mọ́. Ìdí nìyí tí ìlà 20a fi gbọ́dọ̀ tọ̀nà: ẹni tó bá kọ owó tó ti san owó-orí rẹ̀ síbẹ̀ lè fi dọ́là díẹ̀ péré ré òṣùwọ̀n kọjá, kí ó sì pàdánù gbogbo àyọkúrò náà.

8. Bí ẹ bá ti ṣe é láìtọ́

Bí W-2 ni kò tọ́, ẹ ní kí ibi iṣẹ́ yín fún yín ní W-2c (W-2 tí wọ́n tún ṣe). Ẹ má fi bírò tún un ṣe fúnra yín. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù yín ni, NJ-1040X lẹ ó fi tún un ṣe, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń béèrè owó padà ní ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tó fi fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ so W-2 àti àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ti fi pamọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ìṣirò yín sórí ìwé kan, kí òṣìṣẹ́ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè rí ibi tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá.