Bẹ́ẹ ṣe máa so wáyà àpótí géèmù tẹ́ẹ fọwọ́ ara yín kàn

Ẹ ti kan pákó tán, ẹ ti lu ihò bọ́tìnì, ó wá ku wáyà. Ẹ má wò ó pé ó pọ̀ jàre, oríṣi méjì péré ni: iná NẸ́PÀ 230 volt tó lè gbẹ̀mí èèyàn, àti iná 5 volt tí bọ́tìnì ń lò, ìyẹn ò lè gbé yín. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí méjèèjì gba ojú kan náà kọjá nínú àpótí.

Ẹ yí bọ́tìnì wò lábẹ́, súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní irin mẹ́ta, COM (tí méjì yòókù jọ ń lò), NO (iná ò gba ibẹ̀ kọjá àfi tẹ́ẹ bá tẹ bọ́tìnì) àti NC (iná ń gba ibẹ̀ kọjá títí tẹ́ẹ fi tẹ̀ ẹ́). COM àti NO lẹ máa lò. Tẹ́ẹ bá lọ so NC, géèmù á gbà pé ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbà tẹ́ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ gan-an ló máa ní ẹ ti jáwọ́. Wáyà kan ṣoṣo ló ń to gbogbo COM, látorí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì títí dé GND (ojú tí iná ń gbà padà) lára USB encoder, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ tẹ bọ́tìnì, àmọ́ NO kálukú ló máa ní wáyà tiẹ̀ lọ sára encoder. (Tó bá jẹ́ encoder tí wọ́n ti ṣe wáyà méjì méjì mọ́ ni, ẹ kàn kì wọ́n bọ̀ ọ́.)

Jọ́sítíìkì ló máa ń da orí èèyàn rú. Tẹ́ẹ bá tì í sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ á lọ tẹ súwíìṣì ìsàlẹ̀, torí náà wáyà "òkè" ìsàlẹ̀ ló ń lọ, t'ọ̀tún sì ń lọ sí òsì.

Ẹnu wáyà pẹlẹbẹ tí ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn rẹ́wáyà mọ́tò l'Ákùúrẹ́, 6.3 mm ló sábà máa ń jẹ́, á máa yọ ni, torí irin bọ́tìnì kì í sábà ju 2.8 tàbí 4.8 lọ, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ẹ tó jáde nílé.

Ó wá kan NẸ́PÀ o, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ná. Búráùn ni live, òun ló ń gba inú súwíìṣì kọjá, búlúù ni neutral, èyí tó ní gíríìnì àti yẹ́lò ni earth, ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara irin power supply. Nínú wáyà ilé àtijọ́, pupa ni live, dúdú ni neutral, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dúdú fún GND bọ́tìnì. Fíùsì 13 amp tó máa ń wà nínú plọ́ọ̀gì ti pọ̀ jù, 3 amp tó fún mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà kékeré. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìkùn ńlá lẹ fẹ́ lò, ẹ má ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti yọ ọ́.

Kẹ́ẹ tó dé pákó ẹ̀yìn, ẹ so encoder mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ joy.cpl (ibi tí Windows ti ń dán bọ́tìnì géèmù wò) sínú Run, kẹ́ẹ máa tẹ bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ò bá tàn lójú kọ̀ǹpútà, COM ẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ fà wò.