Bẹ́ ẹ ṣe máa fi Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows lórí láptọ́ọ̀pù kan

Ẹni tó bá fẹ́ lo Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) láìyọ Windows kúrò, ẹ má tíì sáré wá fláàṣì o. Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ni ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù yín ń gbà tan. Méjì ló wà, UEFI tòde òní àti Legacy BIOS tó ti pẹ́, èyí tí Windows yín bá ń lò náà ni kẹ́ ẹ fi gbé Ubuntu wọlé, tí ọ̀kan bá gba ibí tí èkejì gba ọ̀hún, àfi kẹ́ ẹ máa wọ BIOS (ojú ìwé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó tan) lọ yí i ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32, ẹ wo iwájú BIOS Mode. Tó bá jẹ́ UEFI, GPT ni ọ̀nà tí wọ́n fi pín dísíìkì yẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Tó bá jẹ́ Legacy, MBR tó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ ni, ìyẹn ò sì gbà ju partition primary (ìpín dísíìkì) mẹ́rin lọ, Windows lè ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kẹ́ ẹ tó dé. Tokunbọ̀ míì wà tó lè ṣe UEFI dáadáa, ẹni tó fi Windows sí i ló kàn gba Legacy. Windows 10 àti 11 ní ètò kan, mbr2gpt, tó ń sọ MBR di GPT láìpa fáìlì rẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá yí BIOS sí UEFI.

Ẹ ṣe backup, kò sí àwáwí. Tí BitLocker, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti dísíìkì pa, bá wà lórí ẹ̀, ẹ kọ recovery key síbì kan, nọ́ńbà 48 ni, torí ó lè bi yín léèrè lójijì.

Ó yá, ẹ ṣí Command Prompt bí administrator, ẹ kọ powercfg /h off, ìyẹn á pa Fast Startup tí kì í jẹ́ kí Windows kú tán, á sì yọ fáìlì ńlá kan tó máa ń dínà. Ẹ lọ sí Disk Management, ẹ fi right-click tẹ C, ẹ mú Shrink Volume kẹ́ ẹ lè gé àyè kúrò lára ẹ̀. MB ni wọ́n ń kà níbẹ̀, 51200 ni 50 GB. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má ṣe partition kankan sí i.

Ẹ fi Rufus, ètò kan lórí Windows, kọ Ubuntu sórí fláàṣì 8 GB, ẹ mú GPT àti UEFI. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, ẹ máa tẹ F12 lórí Dell tàbí Lenovo, F9 lórí HP, kẹ́ ẹ lè yan ibi tó máa ti tan. Fláàṣì yẹn lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á ní UEFI níwájú orúkọ ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Tí installer Ubuntu bá ní òun lè fi Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, ẹ gbà á fún un. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ mú Manual, ẹ fi Ext4 (irú ìtò fáìlì tí Ubuntu ń lò) àti / (ibi tí Ubuntu máa wà) sí àyè tẹ́ ẹ dá sílẹ̀. Ẹ máa rí partition kékeré kan tó jẹ́ FAT32, ó sábà máa ń jẹ́ 100 MB, ibẹ̀ ni Windows ti ń tan, /boot/efi ni kẹ́ ẹ pè é, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ format ẹ̀ (ìyẹn, nu ohun inú ẹ̀ nù) láé, ẹ bá format ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Tó bá tún ń wọ Windows tààrà, ẹ wọ BIOS, ẹ gbé ubuntu síwájú nínú boot order (ètò ohun tó máa kọ́kọ́ tan). Tí aago Windows bá wá fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn ní Nàìjíríà, ẹ má wulẹ̀ ra bátìrì, Ubuntu ló fi aago UTC (aago àgbáyé) síbẹ̀: ẹ kọ timedatectl set-local-rtc 1 nínú terminal ẹ̀, kẹ́ ẹ tún ti Windows ṣe.