Bí mo ṣe ń to fídíò ìránṣọ mi sínú FreeTube

Fídíò kan wà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń ran apá mọ́ búláòsì. Ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni, àmọ́ ibi tí a nílò kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí mo ṣì ń fi fóònù wò ó, kí n tó rí ibẹ̀, dátà ti lọ. Nígbà tó yá, olè jí fóònù náà mọ́ mi lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀, n kò sì rí àkáǹtì tí mo kó àwọn fídíò sí ṣí mọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wọmi. Ó dùn mí gan-an.

Àbúrò mi ló fi áàpù kan tí wọ́n ń pè ní FreeTube hàn mí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, ì báà ṣe Windows, Mac tàbí Linux, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lè fi wo fídíò YouTube láìní àkáǹtì. Ìkànnì tí ẹ ń tẹ̀lé, àkójọ tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ ti wò, inú kọ̀ǹpútà tiyín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ lọ gbà á ní freetubeapp.io.

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ wọ Settings, ẹ wá Default Quality lábẹ́ Player Settings; ibẹ̀ lẹ ti máa yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. 480p ni mo fi tèmi sí. Tó bá wálẹ̀ sí 360p, ojú òwú kì í hàn dáadáa; 720p sì ń jẹ dátà jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Profile Manager. Mo pín àwọn ìkànnì mi sí mẹ́rin: Kọ́là, Apá, Agbádá, Ìyàwó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ló máa ń hàn nínú àmì róbótó kan lókè, Apá àti Agbádá sì jọ ń jẹ́ A, ni mo bá fún ọ̀kan ní àwọ̀ pupa, mo fún èkejì ní àwọ̀ ewé. Bí mo bá mú Agbádá, fídíò tuntun àwọn tó ń rán agbádá nìkan ni Subscriptions máa kó wá. Ìkànnì kan lè wà lábẹ́ ìpín méjì, kò sí wàhálà.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni Playlists. Ẹ fi iṣẹ́ sọ àkójọ yín lórúkọ, ẹ má kàn pè é ní “fídíò dáadáa”. Àyè àlàyé wà lábẹ́ orúkọ náà, ibẹ̀ ni mo ń kọ ìṣẹ́jú sí, bí ìgbà tí mo bá ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ìwé: “18:40, gígé orí apá. 21:15, kíkó o jọ. 23:00, rírán an mọ́ ara.” Ọmọṣẹ́ tó bá ṣí i kò ní máa wá kiri.

Tí fídíò bá ń ṣeré, ẹ tẹ lẹ́tà O lẹ́ẹ̀mejì, ìrìn rẹ̀ á di ìdajì. P ló ń dá a padà. Ẹ dá a dúró, kí ẹ wá máa tẹ kọ́mà, á máa fi àwòrán kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn. Oṣù méjì ni ọmọṣẹ́ mi kan fi ń rán apá tó ń hunjọ léjìká. Ìgbà tí a tẹ kọ́mà padà síbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé ló rí i pé apá ni obìnrin inú fídíò náà fi sísàlẹ̀, tó gbé ara búláòsì lé e. Orí apá ló gùn ju ihò apá tó wà lára búláòsì lọ, eyín kéékèèké tó ń fa aṣọ lábẹ́ máṣíìnì ló sì ń bá a fa gígùn tó lé náà wọlé. Ọmọ náà tú tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tún un rán, apá náà sì jókòó dáadáa.

Bí fídíò bá dédé kọ̀ tí kò ṣí, ó lè jẹ́ pé YouTube ti yí nǹkan padà. Ẹ gba ẹ̀dà FreeTube tuntun. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni fídíò bá yọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn, torí àkójọ yín kò gbé fídíò fúnra rẹ̀ dání. Èyí tí n kò fẹ́ pàdánù, mo máa ń ya ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Lálaalẹ́ Sátidé, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wọ Data Settings, mo ń tẹ Export Subscriptions àti Export Playlists, mo sì ń da méjèèjì sórí fláàṣì. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo so fláàṣì náà mọ́.