Bí Bingo ṣe jáwọ́ nínú kíkùn nídìí abọ́

Nílé wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá lẹ́bàá Bingo, ajá wa, tó bá ń jẹun. Ọmọ oṣù márùn-ún péré! Ara rẹ̀ á le gbagidi, á fẹjú, á máa kùn nínú ọ̀fun. Tí o bá tún sún mọ́ ọn, ó kù kó gé ọ jẹ.

Àwọn ará àdúgbò ní ká fi pàṣán nà án. Rárá o. Ajá tí wọ́n ń nà torí pé ó kùn lè jáwọ́ nínú kíkùn, kó wá máa buni jẹ láìkìlọ̀.

Dókítà ẹran ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìrora náà máa ń sọ ajá di oníjà. Bingo gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a gbé abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹsẹ̀ ò pọ̀. Tó bá ń jẹun, màá dúró lókèèrè, màá ju pànlá díẹ̀ sẹ́bàá abọ́, màá sì yí padà. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá dẹ̀ dáadáa ni mo tó ń fi ìṣísẹ̀ kan sún mọ́ ọn sí i. Tó bá kùn, mo ti sún mọ́ jù nìyẹn. Màá fà sẹ́yìn. Mi ò já nǹkan gbà lẹ́nu rẹ̀ rí: tó bá gbé eegun, ẹran ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ní báyìí, tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi nídìí abọ́, ìrù ló ń jù. Àwọn ọmọdé ò tíì gbọdọ̀ débẹ̀ ṣá.