Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìdí tó ń kú lórí kẹ̀kẹ́: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá

Ìbéèrè: Mo ra ṣòkòtò agunkẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù, síbẹ̀ itan mi ń bó.

Ìdáhùn: Ẹ bọ́ pátá tí ẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ojú ìrán pátá ló ń họ yín.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ mi máa ń kú.

Ìdáhùn: Ẹ dẹ okùn bàtà. Ẹsẹ̀ a máa wú bí oòrùn bá ti mú.

Ìbéèrè: Àárín itan mi ti kú típiri kí n tó dé Mọ́níyà. Ṣé kí n ra ìjókòó tó rọ̀ sí i?

Ìdáhùn: Rárá o! Mo ti sọ èyí títí ó ti sú mi. Bí fóòmù bá rọ̀ jù, eegun ìdí á rì wọ inú rẹ̀, àárín rẹ̀ á ru sókè, á wá máa tẹ iṣan tó gba àárín itan. Eegun ìdí méjèèjì ló yẹ kó gbé yín, nítorí náà ìjókòó tó fẹ̀ tó wọn ni kí ẹ wá. Ẹ wo gíga rẹ̀ náà: ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹsẹ̀ nà tán, kí ìdí má sì rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ dìde dúró lórí pẹ́dà kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

Ìbéèrè: Ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀lé e máa ń kú. Mo ti ra ìbọ̀wọ́, kò gbọ́.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ló bá mi fà á títí. Iṣan tó ń sin ìka méjèèjì yẹn gba ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kọjá, níhà ọmọńdinrín. Bí ìwúwo ara bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó di kíkú. Ìbọ̀wọ́ ò lè gbé ìwúwo kúrò. Kí ló ń ti ara yín síwájú? Ohun tó yẹ kí ẹ wá nìyẹn.

Lára kẹ̀kẹ́ tèmi, imú ìjókòó ló ń dorí kodò. Bí mo bá fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà wò ó nílé, ó dọ́gba. Kí n tó dé Fìdítì, ìdí mi á ti máa yọ̀ síwájú, ó di apá mi méjèèjì tó ń gbé mi ró. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe fún bóòtù rẹ̀ le. Nígbà tí mo tún jáde, ìka tún kú. Mo gbé háńdù sókè, ó dín kù, kò tán. Ni mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara òpó tó gbé ìjókòó ró kọjá sórí irin tó di ìjókòó mú. Lẹ́yìn àwọn kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo sọ̀ wò ó: ìlà ti já sí méjì, apá òkè ti wọ́ síwájú. A tú u. Eyín wẹ́wẹ́ tí àwọn irin náà fi ń gbá ara wọn mú ti jẹ tán, ibẹ̀ ń dán gbinrin. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, kò sí bí a ṣe lè fún un tí kò ní yọ̀. Mo pààrọ̀ òpó náà tirin-tirin. Ní báyìí, bí mo bá dé Ọ̀yọ́, ìka ọ̀hún ni mo fi ń ṣí ìdérí ìgò omi.

Torí náà, ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó náwó. Bó bá já, ẹ má fún bóòtù mọ́, á ṣẹ́. Bí kò bá já, tí ìjókòó sì dọ́gba, ẹ gbé háńdù sókè, ẹ dẹ ìgúnpá, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ń dì mú.

Ìbéèrè: Láti àná ni mo ti sọ̀, ìka mi ṣì kú.

Ìdáhùn: Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀ ná, ẹ lọ rí dókítà, pàápàá bí ọwọ́ ò bá lè yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ abẹ́ ló kú, ẹ má tijú láti sọ ọ́. Ẹ fi ìka tó kú gan-an hàn án, torí iṣan tó ń sin àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀là yàtọ̀ sí ti ọmọńdinrín.