Yíyan Àgọ́ Fífúyẹ́ Tó Bá Ojú Ọjọ́ Mu

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ojú ọjọ́ tí ẹ máa bá pàdé jù, kí ẹ tó wo owó àgọ́. Àgọ́ ìgbà mẹ́ta, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ìgbà yàtọ̀ sí ìgbà òtútù, ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu: ti inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, aṣọ òde sì ń dá òjò dúró. Ti ìgbà òtútù kì í ní àwọ̀n púpọ̀, ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ó sì pọ̀, torí yìnyín tó bà lé òrùlé máa ń wúwo. Kò yẹ kéèyàn rù ú kiri nígbà ooru. Òógùn lásán ni.

Kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan dára. Ìwọ̀n ara páálí lè má ka èèkàn, okùn àti àpò mọ́ ọn, nítorí náà ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó gba ènìyàn méjì, ẹ wọn ilẹ̀ rẹ̀. Ibùsùn kan sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 51. Àgọ́ tí kò bá fẹ̀ tó 125 yóò há méjì mọ́ra.

Mìlímítà ni wọ́n fi ń ka bí aṣọ ṣe ń dá omi dúró, ìyẹn gíga omi tí aṣọ lè gbà kó tó jò. 1,500 tó fún òrùlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ń tẹ̀ nílò nǹkan bíi 3,000. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi sílíkónì bò fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ ó máa ń nà bí omi bá rin ín. Àgọ́ tó le gan-an nírọ̀lẹ́ á ti dẹ̀ lóru, aṣọ òde á lẹ̀ mọ́ ti inú, omi á sì wọlé. Ẹ tún okùn fà kí ẹ tó sùn. Pọliẹ́sítà kì í nà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé àgọ́ òun ń jò, èémí ara rẹ̀ ló di omi lára aṣọ tútù. Ẹ ra èyí tó ní ojú atẹ́gùn lókè àti nísàlẹ̀, ẹ má sì dí i pa nítorí òtútù. Àgọ́ aláṣọ kan fúyẹ́ jù, òun náà ni ìṣòro yìí ń bá fínra jù. Ẹ má dáná nínú àgọ́ tó tì pa: afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn lè pa ènìyàn.

Àgọ́ tó ń fi ọ̀pá ìrìn dúró máa ń ṣòro láti gbé dúró lórí àpáta tí èèkàn kò lè wọ̀.

Ẹ má ká àgọ́ tútù pamọ́. Ohun tí wọ́n fi bo àwọn kan, tí kì í ṣe sílíkónì, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì máa rùn. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, torí oòrùn ń jẹ náílọ́ọ̀nù.